Ọgbà Àjàrà tí Bàálù Ń Kọjá Lórí Rẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ náà, mọ́ọ̀pù àti korobá ni mo gbé dání. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé bó ti wù kí ọkọ̀ inú yáàdì yẹn pọ̀ tó, n óo fọ gbogbo wọn kí àsìkò ìrun Àsárì tó wọlé. Ẹ̀bi etí mi ni. Obìnrin tó ń báni wáṣẹ́ ní Blanchardstown ló pè mí lórí fóònù, ó ní iṣẹ́ wà ní "finyáàdì" kan lẹ́yìn éèpọ́tù Dublin. Èmi tí mo ti fọ ilẹ̀ éèpọ́tù yẹn títí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe tó gbà wá, "fáànù yáàdì" ni mo gbọ́, ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ fáànù sí. Àwọn ará Ireland ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Èyí tí o bá gbọ́ nínú rẹ̀, kí o dì í mú, kí o máa wọkọ̀ lọ.

Mi ò rí fáànù kankan. Ohun tí mo rí ni gẹ́ètì ràgàjì kan tí wọ́n gbé kìnnìún òkúta méjì sí ní ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn gẹ́ètì náà, òkè kékeré kan wà tí wọ́n ri igi tín-ín-rín mọ́ kún fọ́fọ́, ní ìlà-ìlà. Mo rò pé ẹnì kan fẹ́ fi igi ṣọgbà yí nǹkan ká ni, tí iṣẹ́ wá sú u.

Ọkùnrin kan jáde sí mi. Kóòtù rẹ̀ ń dán, bàtà òjò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tuntun débi pé bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀.

"Káàbọ̀ sí ọgbà àjàrà mi," ó ní. "Èmi ni Declan. Ìwọ ni Sídì?"

"Sìdíkátù ni, sà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ fọ̀?"

Ó wo mọ́ọ̀pù, ó wò mí. "Fọ̀ kẹ̀? Àjàrà ni o máa bá mi tọ́jú. A máa fi ṣe wáìnì."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa àjàrà, sà."

"Ṣùgbọ́n Áfíríkà lo ti wá."

"Múṣín ni mo ti wá, sà."

"Gírándì!" ni ó wí, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí, gírándì, òun ni àwọn ará Dublin fi ń dáhùn ohun gbogbo. Ó túmọ̀ sí pé kò burú, pé a ti gbọ́, pé kó rí bẹ́ẹ̀. Bí ilé bá ń jó, tí o bá ní o ti pe panápaná, gírándì ni wọn óo sọ. Ní ti Múṣín tí mo dárúkọ yìí, sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ojúlé wa. Télọ̀ ni bàbá mi. Ohun kan ṣoṣo tó hù níbẹ̀ ni igi ewúro kan tí ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò máa ń jẹ tán kí ìyá mi tó já a. Báyìí ni mo ṣe di àgbẹ̀.

Ẹni tí kò gbé Dublin láyé ìgbà náà lè rò pé mò ń parọ́. Àwọn oníwèé ìròyìn ń pe ọrọ̀ ajé ìlú náà ní ẹkùn, nítorí bó ṣe ń fò sókè. Èmi ọmọ Èkó, bí mo bá gbọ́ pé ẹkùn ti wọ̀lú, ilẹ̀kùn ni n óo tì. Tiwọn, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Púlọ́ńbà tó wá tún ẹ̀rọ omi wa ṣe ní Corduff ní òun ti ra ilé sí Bulgaria. Mo ní ṣé ibẹ̀ tutù, ó ní òun kò tíì débẹ̀ rí. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ ara rẹ̀ tó mọ́. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ jẹ́ nǹkan mìíràn.

Kọ́lékọ́lé ni Declan. Òun ló kọ́ ilé tó pọ̀ lọ láti Mulhuddart títí dé ibi tí bọ́ọ̀sì kì í dé. Ó gba ìsinmi lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó mu wáìnì lábẹ́ igi pẹ̀lú bàbá àgbẹ̀ kan, nígbà tó sì padà dé, ó ní àjàrà wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Màmá rẹ̀, ìyá arúgbó kan tó máa ń wọ kóòtù òjò kódà tí oòrùn bá ràn, sọ fún mi pé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé àwọn kò ju ànàmọ́ àti ẹjọ́ ilẹ̀ lọ.

Ìparí iṣẹ́ ni Declan ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ́ gẹ́ètì. Ó kọ́ ilé onígíláàsì tí àwọn àlejò yóò ti máa tọ́ wáìnì wò. Ó gbẹ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ìgò yóò máa sùn sí, ó sì tẹ bébà ara ìgò, tó gbé àwòrán kìnnìún sí. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ló tó rántí pé ó yẹ kí àjàrà wà. Àwọn tó ń da ọ̀dà sójú títì ní sáìtì rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá gbìn ín. Wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n, ó tò tààrà, kò sí èyí tó wọ́. Ṣùgbọ́n inú ẹrẹ̀ ni wọ́n gbìn ín sí.

Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń kiri láàárín àwọn igi yẹn, tí mò ń tu koríko, tí mò ń so èyí tó bá ṣubú mọ́ wáyà, tí wọ́n sì ń rù sí i, kí Vera tó dé. Ará Moldova ni Vera, ó ń ṣiṣẹ́ ní oko olú kan nítòsí. Ibi tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń dúró kọjú sí ọgbà wa. Láràárọ̀ ni yóò dúró létí wáyà, tí yóò máa wo àjàrà bí ẹni tó wá bẹ aláìsàn wò. Lọ́jọ́ kan, ó pè mí.

"Ta ló ń pa àwọn igi wọ̀nyí?"

"Èmi ni," mo ní. "Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí nìyẹn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni a ti di ọ̀rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ gba Russia kọjá, tèmi gba Múṣín kọjá, àárín ọ̀nà ni a ti máa ń pàdé. Inú ọgbà àjàrà bàbá àgbà rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Mo mú un lọ bá Declan, Declan ní gírándì, ó sì bá a gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ìwé yẹn ní májẹ̀mú: orúkọ Declan ló wà lórí rẹ̀, kò sì lè bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Bí ọgbà bá parẹ́, ìwé parẹ́. Bí ìwé bá parẹ́, ìlú rẹ̀ ló kù tí yóò padà sí.

Ohun àkọ́kọ́ tí Vera ṣe ni pé ó fa igi kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rùn bíi fùfú tí wọ́n gbàgbé sínú omi.

"Wò ó," ó ní. "Àjàrà kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi. Ẹ kò wa gọ́tà!"

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Declan ti ránṣẹ́ pe ọ̀mọ̀wé wáìnì kan láti London rí. Ọkùnrin náà dúró láàárín ọgbà, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn ilẹ̀ àti èémí òkè títí tí Declan fi ń tòògbé lórí ìdúró. Gbólóhùn tó fi parí ọ̀rọ̀ ni pé kí a wa gọ́tà. Mo gbọ́ ọ, mo rò pé ti títì ló ń wí.

"Ọkùnrin London yẹn sọ ọ́!" mo ké.

"Kí ló dé tí kò fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀?" ni Vera bi mí.

Declan gbé katapílà wá láti sáìtì, a wa gọ́tà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn igi yẹn sinmi ikú kíkú. Wọ́n ta ewé, wọ́n so.

Ní gbogbo àkókò yìí, mo ní ẹjọ́ nílé. Bàbá Kúdí, ọkọ mi, ń wa takisí.

"Ìyá Kúdí, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ọtí lo lọ gbà yìí?"

"Àjàrà ni, kì í ṣe ọtí."

"Àjàrà tó máa di ọtí ńkọ́?"

"Àwọn tí ẹ ń fi takisí gbé láàárín ìlú ní ìparí ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń bì sórí ìjókòó yín, ṣé wáàsí ni ẹ ti ń gbé wọn bọ̀?"

Ó wojú tẹlifíṣọ̀n títí, ó ní kí n bá òun bu omi.

Àlùfáà wa ní mọ́sálásí kò ṣeé dá lóhùn bẹ́ẹ̀. Ará Ìwó ni, ó mọ̀wé, ó sì ní sùúrù. Èmi fúnra mi ni mo lọ bá a lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀.

"Ìyá Kúdí, mi ò ní tàn yín," ó ní. "Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kí ó lè di ọtí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo níwájú Ọlọ́run. Ẹ máa wá iṣẹ́ mìíràn."

"Mò ń wá a, Àlùfáà."

"Kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà."

Mo ṣe àmín, tọkàntọkàn ni mo sì fi ṣe é. Gbogbo ibi tí mo kọ̀wé sí ní àwọn óo pè mí. Kí wọ́n tó pè, mo pa ààlà fún ara mi. Mo sọ fún Declan pé n óo tọ́jú igi, n óo ká èso, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dúró lẹ́nu korobá. Ẹsẹ̀ mi kò ní wọ ilé tí wọ́n ti ń fún un. Declan ní gírándì. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí akunlé rẹ̀ fa ìlà yẹ́lò sí ẹnu ọ̀nà ilé náà, kó sì kọ SÍDÌ sí i gàdàgbà. Bí àlejò bá dé, yóò mú wọn lọ wò ó, lẹ́yìn tó bá ti fi kìnnìún òkúta hàn wọ́n.

Nígbà tí wáìnì àkọ́kọ́ délẹ̀, Declan se àsè. Àwọn kọ́lékọ́lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ọ̀gá báńkì tó ń yá gbogbo wọn lówó wá, ọ̀kan tiẹ̀ fi ẹlikọ́pítà balẹ̀ sórí ẹ̀fọ́ tí Vera gbìn. Inú ilé onígíláàsì ni wọ́n wà. Èmi wà lóde pẹ̀lú tíì mi, mò ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tí ohùn rẹ̀ kéré.

Wọ́n gbé ife sẹ́nu. Ojú wọn fún pọ̀ bíi ti ọmọ tí wọ́n di nímú tí wọ́n da àgbo sí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Declan. Ọ̀gá báńkì ní òun gbọ́ òórùn òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹnì kejì ní wáìnì olóòótọ́ ni. Ẹni tó ní ẹlikọ́pítà ní ó láyà. Ọgbà wa wà lábẹ́ ibi tí bàálù ń gbà balẹ̀ sí éèpọ́tù, nítorí náà, gbogbo ìgbà ni gíláàsì ń gbọ̀n. Bí bàálù kan bá ti ń kọjá, wọn óo gbójú sókè pé, "Háà, ẹ wò ó!" Ẹni tó bá ti rí i pé Declan náà gbójú sókè yóò da ife rẹ̀ sínú ìkòkò òdòdó. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó tán, àwọn òdòdó náà ti kú.

Màmá Declan nìkan ló gbé tirẹ̀ mì. Ó rò ó wò, ó ní:

"Declan, ọmọ mi, yóò dùn lórí ṣípù o."

Ará Dublin kì í jẹ ànàmọ́ díndín láìbu fínígà, omi kíkan yẹn, sí i.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e la bá èèkàn tí wọ́n kun lọ́dà pupa láàárín ìlà àjàrà wa. Declan kò sọ gírándì lọ́jọ́ yẹn.

"Ọdún kan ṣoṣo ló kù," ó wí. "Bí èyí tó ń bọ̀ bá tún kan, n óo fa gbogbo rẹ̀ tu. Ilé alájà ni n óo kọ́ síbí. Wọ́n ti fọwọ́ sí i fún mi."

Nígbà tó lọ tán, Vera jókòó sórí korobá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Moldova ni, wọ́n sì ti fi í sí ilé ẹ̀kọ́ ní Mulhuddart.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ gírándì ni, Sídì," ó ní. "Báwo ni mo ṣe máa mú un padà?"

Mo bu tíì fún un.

Ọdún yẹn, bí òjò ṣe fẹ́ ṣe é náà ló ṣe é. Ewé àjàrà kún, ó dí, ó bo èso mọ́lẹ̀ bí aṣọ òtútù. Vera ṣí ewé kan, ó rí nǹkan funfun lára rẹ̀ bíi láfún tí ó dà sílẹ̀. Ewé náà ti ń bu. Ó ní ọ̀nà kan ló wà kí àrùn náà tó tàn, kí a sì tó máa wá oògùn tí a óo fín: kí a já ewé tó bo ṣírí èso, kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn lè máa kọjá. Kí a sì já a kíákíá. Ẹ wo òkè ńlá yẹn, obìnrin méjì péré ni wá. Declan ti kó gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí sáìtì mìíràn. A já ewé títí èékánná wa fi dúdú, nígbà tí a bá sì fi máa dé ìparí ìlà kan, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á ti tún dí.

Ní mọ́sálásí, nínú kíláàsì Kùránì àwọn obìnrin, Ìyá Karim kan wà, ará Algeria. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ńṣe ló gbé àga rẹ̀ jìnnà sí tèmi, ó ní òun ń gbóòórùn ọtí. Èmi tí mo fi ọṣẹ dúdú wẹ̀! Lọ́jọ́ Àìkú kan báyìí, ó gbé àga náà padà wá.

"Sister Sídì," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ṣé lóòótọ́ ni pé ewé àjàrà wà lọ́dọ̀ yín?"

"Ó wà. Ó tiẹ̀ fẹ́ pa wá."

"Ewé tútù?"

Ojú rẹ̀ kún fún omi. Àṣé nílẹ̀ tiwọn, ewé àjàrà ni wọ́n fi ń pọ́n ìrẹsì àti ẹran sè, bí a ṣe ń fi ewé eéran pọ́n mọ́ínmọ́ín, àmọ́ àwọn a máa jẹ ewé náà mọ́ ọn. Ní Dublin, inú ìgò oníyọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí i rà. Ó yí sí àwọn ará Síríà àti Turkey tó jókòó lẹ́yìn, ó sọ ọ́ ní Lárúbáwá. Kíláàsì dàrú.

Ní Sátidé, ọkọ̀ mẹ́ta kún fún obìnrin, wọ́n sọ̀ pẹ̀lú báàgì. Kí n tó sọ̀rọ̀, híjáàbù ti kún gbogbo ìlà àjàrà Declan. Vera dúró sórí korobá, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gágun.

"Ẹ má fọwọ́ kan ti orí! Ti ìsàlẹ̀, èyí tó bo èso, ni kí ẹ já!"

Wọ́n já a tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń wá. Ìyá Karim ní òun kò ní bèèrè ohun tí èso yóò dà, nítorí ewé lòun bá wá. Declan já lù wọ́n lọ́jọ́ kan, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ta ni gbogbo wọ̀nyí?"

"Wọ́n wá bá wa já ewé ni, sà. Láti ìlú tí wọ́n ti mọ àjàrà dáadáa."

"Gírándì," ó ní. Nínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn, a kà á pé Declan ní òun ti kó àwọn àkànṣe amọṣẹ́ wá láti òkè òkun.

Nígbà tí a ń ṣínu ní mọ́sálásí, wọ́n gbé ìrẹsì inú ewé síwájú Àlùfáà. Ó jẹ ọ̀kan, ó jẹ ìkejì, ó ní níbo ni wọ́n ti rí ewé tó rọ̀ báyìí. Ìyá Karim ní, "Ọgbà Sister Sídì." Àlùfáà wò mí. Ó rọra jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán.

"Ọgbà tó ń so oúnjẹ," ó ní, "Ọlọ́run kò tíì gbàgbé rẹ̀." Ó sì na ọwọ́ mú ìkẹta.

Oòrùn wọlé sára èso náà, àrùn funfun kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ìkórè wá súnmọ́, wàhálà tuntun dé. Declan ti pe mínísítà kan àti àwọn oníyàwòrán fún Ọjọ́rú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Vera gé ṣírí kan, ó fún mi jẹ nínú rẹ̀. Èso kì í ṣe ọtí, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dì.

"Ó kù díẹ̀," ni Vera wí. "Bí a bá ká a lọ́la, fínígà ni. Bí a bá fún un ní ọ̀sẹ̀ kan tí òjò kò sì rọ̀, wáìnì ni."

"Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

"Jíjẹrà ni."

A lọ bá Declan. Ó ní mínísítà kì í dúró de àjàrà.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ láti lọ wọ bọ́ọ̀sì, mo kó gbogbo àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé èso sínú báàgì mi, mo fi ẹní ìrun mi bò wọ́n, mo sì gbé wọn lọ sí Corduff.

Wọ́n ní mínísítà dé pẹ̀lú bàtà òjò tuntun, ó nawọ́ kí wọ́n fún òun ní àlùmọ́gàjí, kò sì sí ẹni tó rí nǹkan kan fi sí i lọ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń gbóòórùn èso. Fóònù mi dún nílé. Kúdí ọmọ mi, tí a bí ní Múṣín ṣùgbọ́n tí ahọ́n rẹ̀ ti di ti Dublin, ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì.

"Mam, did you rob all them scissors? That's gas!" ni ó wí. Wọ́n ní "gas" túmọ̀ sí ohun tó pani lẹ́rìn-ín. Kò pa èmi lẹ́rìn-ín.

"A ti lé ẹ níṣẹ́!" ni Declan ń pariwo lórí fóònù.

"Mo ti gbọ́, sà. Ta ló máa wá gba àlùmọ́gàjí?"

Ó pa fóònù. Kò sẹ́ni tó wá.

Mi ò rántí ọ̀sẹ̀ tó gùn tó ìyẹn rí. Ojú fèrèsé ni mo ń gbé. Nígbà tí òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, mo jókòó ti ọbẹ̀ tí mò ń sè, mo sì sunkún, nítorí mo rí i pé èmi ni mo máa fi ọwọ́ ara mi dá Vera àti ọmọ rẹ̀ padà sílé. Bàbá Kúdí kò bá mi jà. Ó kàn ń jáde síta, á wo òkè, á wọlé, á ní, "Ó ti ń dá." Àdúrà tí mo gbà lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò lè wí ohun tí mo gbà á fún níwájú Àlùfáà. Afẹ́fẹ́ yí padà, òjò dá, oòrùn là bíi tilé. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀, Vera pè mí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: "Gbé wọn wá."

Mo bá Declan lẹ́nu gẹ́ètì, fóònù wà létí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Ọ̀gá báńkì ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè sí mi bí ẹni pé kí n dúró ná. Mo kọjá. Bí wọ́n ṣe gbà mí padà síṣẹ́ nìyẹn.

Nígbà ìrúwé, Vera gbé ife kékeré kan jáde látinú ilé ìfún, ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní òdì kejì ìlà yẹ́lò. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mu ún. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè rẹ̀.

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Kò ní ìtumọ̀," ó ní, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bàbá àgbà mi ló máa ń sọ ọ́ bí ohun rere bá bá a lójijì."

Wọ́n fún Màmá Declan. Ó mu ún tán, ó na ife padà, ó mu òmíràn, ó wá bèèrè ṣọ́ọ̀bù tí Declan ti rà á. Declan ní tiwa ni. Màmá ní kó yé parọ́, àgbàlagbà lòun. Oníṣọ́ọ̀bù wáìnì kan láti àárín ìlú wá kó gbogbo rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó dára, nígbà tí mi ò fẹnu kàn án. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé agbẹ̀bí kì í fún ọmọ lọ́mú, àmọ́ bí ọmọ bá ké, ó mọ̀ bó bá yè.

Lẹ́yìn náà ni ẹkùn kú, ọrọ̀ ajé ìlú wó lulẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ la fi mọ̀. Ariwo katapílà dáwọ́ dúró káàkiri Dublin 15, apá ìlú tiwa, ilé tí wọ́n kọ́ débi fèrèsé dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ọ̀gá báńkì tó ń gbóòórùn òkúta kò gbé fóònù mọ́. Àwọn báńkì wá gba sáìtì Declan, wọ́n gba ilé rẹ̀, wọ́n wú kìnnìún méjèèjì lẹ́nu gẹ́ètì lọ. Ọgbà àjàrà nìkan ni wọn kò rí gbà. Láti fi sá fún owó orí, Declan ti kọ ọ́ sórúkọ màmá rẹ̀ tipẹ́. Báyìí ni ìyá arúgbó onífínígà yẹn ṣe di ọ̀gá wa. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi tún ìwé Vera ṣe, ó fa èèkàn pupa wọnnì tu fi dáná, ó sì gba Declan ọmọ rẹ̀ síṣẹ́.

Mo bá wọn ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí iṣẹ́ náà, oṣù Máàṣì ọdún yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, nígbà tí wọ́n ní kí n kọ́ Declan bí a ṣe ń rẹ́wọ́ àjàrà. Bàtà òjò rẹ̀ ti lu. Mo dúró tì í níwájú igi kan tí ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ bí irun ẹni tí kò yarun láti ọdún mélòó kan.

"Ẹ fi ojú méjì tí ewé máa gbà yọ sílẹ̀ lórí apá kọ̀ọ̀kan, sà. Èyí tó kù, ẹ gé e."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló yè, Sídì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ á so. Kò ní sí èyí tó máa pọ́n."

Ó gbójú sókè, ó wo apá ibi tí àwọn ilé rẹ̀ tí kò lórùlé wà lọ́nà Mulhuddart. Bàálù kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló gbé àlùmọ́gàjí lé ẹ̀ka kan, ó di ojú, ó gé e. Omi yọ lójú ibi tó gé, ó ń kán tó, tó, sórí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó fà sẹ́yìn.

"Ó ń sunkún!"

"Kò sunkún, sà. Ó jí ni."

Declan wo omi náà títí. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó bọ́ sídìí igi kejì, ó sì gé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.